Ìbọn Tó Ń Dún ní Ìlobù, Tí Kì í Dún ní Ìfọ́n

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó síwájú ilé mi ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ ń bi mí pé, "Bàbá Ràímì, iṣẹ́ wo ni ká kọ́?", ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ẹ rò pé ènìyàn nìkan ló ń yan iṣẹ́ ni? Nígbà mìíràn, iṣẹ́ ló ń yan ènìyàn! Èmi ọmọ Ìmàle, tí bàbá mi fẹ́ kí n kéwú kí n di ààfáà, irin ló yàn mí. Kì í sì í ṣe irin ọkọ́ àti irin àdá nìkan o. Ìbọn ni! Títí di òní olónìí, bí ìbọn ọdẹ bá dún lọ́nà Ẹ̀rìn, orí mi á wú, ọwọ́ á máa yún mi, n ó sì sọ fún yín lórí ìjókòó níbí bóyá ọ̀pá ìbọn náà gùn tàbí ó kúrú. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mò ń sọ.

Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá mi mú mi lọ sí àgbẹ̀dẹ Bàbá Ògúndélé ní Ìlobù. Bí wọ́n ṣe fà mí lé wọn lọ́wọ́ àti ohun tí wọ́n san, ẹ má bi mí, kò ládùn. Obì, ẹ̀bẹ̀, "ẹ bá mi tọ́ ọ," ó parí. Ohun tó ládùn ni ọkùnrin tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́.

Bàbá Ògúndélé ga débi pé ó gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó lè wọ inú àgbẹ̀dẹ ara rẹ̀. Kì í lu ọmọṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀! Bí o bá ba irin jẹ́, kò ní bá ọ wí, ńṣe ni yóò gbé irin náà kọ́ sára òpó ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo èrò ọjà ń gbà kọjá. Ẹni tó bá bèèrè, ìwọ fúnra rẹ ni wàá dìde, wàá ní, "Èmi ni mo bà á jẹ́, báyìí báyìí ni mo sì ṣe bà á jẹ́." Háà! Apátí tí mo kọ́kọ́ rọ, ìyẹn ibi tí ìka ń fà lára ìbọn, ó pẹ́ lára òpó yẹn o. Àwọn ìyá tó ń ti oko bọ̀ á dúró, wọn á sọ ẹrù kalẹ̀, wọn á ní, "Ràímì, kí lèyí? Ṣé ìwọ̀ ẹja ni?" N ó dìde, n ó ṣàlàyé, wọn á sì fi mí rẹ́rìn-ín dé ilé wọn. Ojú mi rí màbo.

"Irin kì í gbọ́ ẹ jọ̀ọ́," bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi máa ń wí. Ìdí ẹwìrì ni mo wà fún ìgbà pípẹ́, mò ń fẹ́ná, èéfín ń wọ̀ mí lójú. Ọjọ́ kan ariwo ẹwìrì kò jẹ́ kí n gbọ́ dáadáa, ó ní kí n gbé ẹ̀mú wá, mo ṣe bí ẹmu ló wí. Mo dúró gbagidi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹmu." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ Ìmàle, ẹ̀mú tí a fi ń mú irin ni mo ní. Ẹmu tèmi, ta ló fẹ́ fún ọ?" Bí wọ́n bá sì ń bọ Ògún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ní kí n lọ kírun mi kí n tó padà wá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ bí a ṣe ń yan gígùn ọ̀pá ìbọn, torí ibẹ̀ ni ìtàn mi wà. Bí ọdẹ bá wá rọ ìbọn, ọ̀gá mi á ní kó bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri. Á gbé ọparun kan lé ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Ibi tí ọparun bá ti kan àgbọ̀n ọdẹ náà, ibẹ̀ ni ẹnu ìbọn rẹ̀ yóò dé. "Ìbọn tó bá kan àgbọ̀n olówó rẹ̀, ìbọn nìyẹn," ni yóò wí. "Èyí tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, igi ìdáná ni, kì í ṣe ìbọn ọkùnrin."

Ó ní ìdí tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀tù tó bá jóná ló ń di èéfín, èéfín náà ló sì ń ti ọta jáde. Bí ọ̀pá bá gùn, èéfín á ráyè ti ọta dáadáa, ọta á lọ jìnnà, kò sì ní yà. Bí ó bá kúrú, èéfín á sáré jáde, ariwo á pọ̀, iná á yọ lẹ́nu ìbọn. Èmi gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Títí ogun fi parí.

Nígbà tí ogun parí, àwọn olè gbòde. Lọ́nà oko tó ti Ìfọ́n já sí Ìlobù, wọ́n ń dá àwọn obìnrin tó ń gbé ẹrù lọ sọ́jà Òṣogbo lọ́nà, wọ́n ń wú iṣu oníṣu, wọ́n ń kó ewúrẹ́ lọ. Àdúgbò kan ní Ìfọ́n bá yan àwọn ọkùnrin tí yóò máa ṣọ́ ọ̀nà náà láti ìdájí. Olórí wọn ni Bàbá Òòṣàdélé, ọkùnrin aláṣọ funfun kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri bí ẹni tí wọ́n bí sórí rẹ̀. Òun ló wá bá wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú ìdí iná."

"Oo, ará Ìfọ́n, káàbọ̀. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Bàbá. Ìbọn ni mo wá rọ. Ìbọn ẹ̀ṣọ́ ni."

Ọ̀gá mi fa ọparun yọ. Òòṣàdélé wo ọparun náà, ó mi orí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, èyí yóò gùn jù fún mi. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń wà."

"Ṣé kẹ̀kẹ́ ni yóò yìn ín ni, àbí ìwọ?"

N kò mọ ohun tó ti ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ọ̀gá, ìbọn ọdẹ kọ́ ni wọ́n ń wí o. Ọdẹ á ba, á dúró de ẹran. Ẹ̀ṣọ́ kì í dúró, rírìn ló ń rìn. Ó ń wọ abẹ́ igi, ó ń yọ lójú ọ̀nà tóóró, olè sì lè wà níwájú rẹ̀ gan-an kó tó rí i. Kí ló fẹ́ fi ọta tó ń lọ jìnnà ṣe?"

Ẹwìrì dákẹ́. Ọ̀gá mi yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ta ló bi ọ́?" Mo dọ̀bálẹ̀ lórí eérú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Òòṣàdélé ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ọmọ yìí sọ ohun tó wà nínú mi o."

"Ó dáa," ni ọ̀gá mi wí. "Ẹ jẹ́ ká wò ó." Ó mú ọparun gígùn náà, ó fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn Òòṣàdélé, ó ní kó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba abẹ́ àwọn igi obì tó wà lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ. Ẹ̀yin ọmọ! Kò tíì lọ jìnnà tí ẹ̀ka obì fi kọ́ ọparun. Kẹ̀kẹ́ bá tirẹ̀ lọ, ó wọ inú ẹ̀gẹ́ lọ tààrà. Òòṣàdélé ti bọ́ sílẹ̀, aṣọ funfun ti di pupa, ó ń pariwo pé, "Ẹ bá mi mú kẹ̀kẹ́ mi!" Ọ̀gá mi gbé ojú sápá kan, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

A bá bẹ̀rẹ̀ sí gé ọparun. A gé e díẹ̀, a ní kó gùn, kó sọ̀, kó gbé e sí èjìká bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn. A tún gé e. Ara mi ti gbóná, mo ń sáré síwá sẹ́yìn, mo fẹ́ kó kúrú sí i. Ọ̀gá mi ló gbá ọwọ́ mi dànù. Ó ní, "Ó tó! Bí ó bá kúrú ju èyí lọ, èéfín á sá jáde kó tó ráyè ti ọta, iná á sì fọ́ olówó rẹ̀ lójú. Kúkúrú náà ní ìwọ̀n." A fi í síbi tí ó kan ìdodo Òòṣàdélé. Títí dòní, ìwọ̀n ìdodo yẹn ni mo fi ń wo ìbọn ẹ̀ṣọ́.

Nígbà tí Òòṣàdélé lọ tán, ọ̀gá mi pè mí. "Ràímì, ó yẹ kí n fún ọ ní fìrídọ́ọ̀mù lọ́dún yìí. Ìwọ ni yóò rọ ìbọn ará Ìfọ́n yìí. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ tí o bá ṣe ìbọn tí èmi Ògúndélé lè gbé kọ́ èjìká ara mi, ọjọ́ yẹn ni n ó gbà pé o mọṣẹ́. Èyí kúkúrú yìí, n kò ní gbé e kọ́ èjìká láéláé." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun. Mo dúró wò ó, mo sì búra nínú ara mi pé yóò gbé e kọ́.

Inú mi dùn nígbà tí mo ń rọ ìbọn yẹn, kò sí irú rẹ̀! Oúnjẹ kò wù mí. Ìyá mi á gbé oúnjẹ wá, yóò tutù, màá ní, "Ìyá, mò ń bọ̀." Níwọ̀n bí ọ̀pá rẹ̀ ti kúrú, ihò tí ẹ̀tù ti ń gbaná súnmọ́ ojú olówó rẹ̀ jù, èéfín lè sáré gba ibẹ̀ yọ lù ú lójú. Mo bá fi irin pẹlẹbẹ kan dábùú ibẹ̀ kí èéfín lè gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ọ̀gá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Hùn." Hùn yẹn, bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè ni. Mo fi epo pupa pa gbogbo ara rẹ̀ àti inú rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe, kó má baà dógùn-ún. Ọjọ́ tí Òòṣàdélé kọ́kọ́ yìn ín lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ, GBÒÀ! ẹyẹ tú lórí igi, Òòṣàdélé sì ń fò sókè bí ọmọdé. Ó ní, "Ìbọn yìí ń sọ̀rọ̀!" Ó gbé e kọ́rùn, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Ni ọyẹ́ bá dé. Ọyẹ́ ọdún yẹn mú gan-an, ètè gbogbo ènìyàn ló là. Ìdájí ọjọ́ kan, Òòṣàdélé kan àwọn olè tó ń fa ewúrẹ́ lọ lójú ọ̀nà oko. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó pè wọ́n pé kí wọ́n dúró. Ọ̀kan nínú wọn yíjú padà pẹ̀lú àdá. Òòṣàdélé gbé ìbọn mi sókè, ó fa apátí. Kò dún. Ó tún fà á. Kò dún! Àdá bọ́ sí èjìká rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù tó dé, ibẹ̀ ni wọn ì bá pa á sí. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo.

Kí oòrùn tó mú, àwọn ará Ìfọ́n ti kún àgbẹ̀dẹ wa. Ìbínú ni wọ́n bá wá, ìbọn náà sì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ìbọn tí ẹ gé bí ìrù ajá rèé o! Ẹ fẹ́ pa wá lẹ́nìkan!"

"A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ààfin. Kò sí ará Ìfọ́n tí yóò tún ra ohunkóhun lọ́wọ́ yín!"

Ọ̀gá mi na ọwọ́. Ó gba ìbọn, ó gbé e ti ẹ̀gbẹ́ iná, ó tẹ́tí sí wọn títí wọ́n fi sọ tẹnu wọn tán. Lẹ́yìn náà ó rọ ẹ̀tù sí i, ó kọ ojú rẹ̀ sí igbó, ó fà á. GBÒÀ! Gbogbo wa ta gìrì. Àwọn ará Ìfọ́n wo ara wọn. Wọ́n gbé ìbọn padà lọ sílé, wọ́n fà á ní ìdájí ọjọ́ kejì, kò dún. Wọ́n tún gbé e wá, ó tún dún! Ẹ ò rí nǹkan? Ní Ìlobù, yóò dún. Ní Ìfọ́n, yóò yadi. Ìròyìn gba ìlú kan. Àwọn kan ní ìbọn náà mọlé ni. Àwọn kan ní Ògún ń bá Òòṣà jà, nítorí Ògún fẹ́ràn ẹmu àti epo, ilé Òòṣà kì í sì í fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ṣáà ní ọ̀rọ̀ kan: ó kúrú jù ni.

Ọ̀gá mi gba ìbọn náà lọ́wọ́ wọn, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé e kọ́ sára òpó. Ó wò mí lójú. Ó ní, "Dìde nígbà tí wọ́n bá bèèrè."

Wọ́n bèèrè o! Gbogbo ènìyàn ló bèèrè. Màá dìde, màá ní, "Èmi ni mo rọ ọ́." Wọn á ní, "Kí lo fi ṣe é?" Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti ń wọ́ tuuru, nítorí n kò mọ̀. Apátí ìjọ́sí, mo mọ bí mo ṣe bà á jẹ́. Èyí, n kò mọ̀ ọ́n! Àwọn oníbàárà wa bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ Ẹ̀rìn lọ. Ọ̀gá mi, tó máa ń kọrin bó bá ń lu irin, kò kọrin mọ́. Ìyá mi sunkún, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ kí n lọ kọ́ṣẹ́ ránṣọránṣọ. Mo ní, "Ìyá, alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀." Wọ́n ní, "Ẹ̀tẹ́ lo fẹ́ fà yọ?"

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo bá ọ̀gá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n gbé ìbọn yìí lọ sí Ìfọ́n. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i níbi tí kò ti ń dún."

Ó ní, "A jọ ń lọ ni."

A jí lọ ní ìdájí, ọyẹ́ ń ta wá lára. Òòṣàdélé ti padà sílé, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́rùn. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, kò bá wa bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo rọ ẹ̀tù, mo kọ ojú ìbọn sí igbó, mo fa apátí. Kẹ́ẹ́. Kò dún. Orí mi fò lọ. Ọ̀gá mi di ojú rẹ̀.

Ìyàwó Òòṣàdélé jáde sí wa, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá mi, ó sì jókòó ti ọkọ rẹ̀ láti fi òrí pa á lẹ́sẹ̀, torí ọyẹ́ ti la gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó fi ṣíbí gún òrí nínú igbá. Kò wọlé. Ó tún gún un, ó dún kó, kó, kó. Ó ní, "Òrí yìí tún ti di òkúta. Kò sí ìdájí kan tí kì í di. Ẹ jẹ́ n yá a níná."

Mo wo igbá òrí. Mo wo ìbọn. Mo tún wo igbá òrí.

"Bàbá Òòṣàdélé, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń pa ìbọn yìí?"

"Òrí ni o. Kí ni ká tún fi pa á? Ilé Òòṣà ni ilé yìí, a kì í fọwọ́ kan epo pupa. Ọjọ́ tí mo gbé e dé ni mo nu epo yín kúrò, tí mo fi òrí kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Mo fẹ́ràn ìbọn yẹn."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo tú ẹ̀gbẹ́ ìbọn. Òrí rèé, funfun báláú, ó le gbagidi! Irin kékeré tó yẹ kó bọ́ lu ibi tó ń gbaná há sínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ tó rì sẹ́rẹ̀. Ní Ìlobù, ẹ̀gbẹ́ iná la máa ń gbé e tì ká tó dán an wò, òrí á yọ́. Ní Ìfọ́n, ìdájí ni, nínú ọyẹ́. Ó parí! Mo gbé e sún mọ́ iná obìnrin náà, òrí bẹ̀rẹ̀ sí ro tó, tó, tó. Mo tò ó padà, mo rọ ẹ̀tù, mo kọ ojú rẹ̀ sí igbó, mo fà á.

GBÒÀ! Adìyẹ ń sá, àwọn obìnrin ń pariwo, mo ń fò sókè, mo ń ké pé, "Òrí ni! Òrí ni! Kì í ṣe gígùn, òrí ni!" Ọ̀gá mi dì mọ́ mi. Ọkùnrin tí kò fọwọ́ tọ́ mi lórí rí!

Ṣùgbọ́n Òòṣàdélé kò rẹ́rìn-ín. Omi ti gba ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ni pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe èjìká ara mi?"

Ọ̀gá mi yíjú sí i, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Rárá o. Àwa ni. A wọn àgbọ̀n rẹ, a wọn ìdodo rẹ, a kò bi ọ́ léèrè èèwọ̀ ilé rẹ." Láti ọjọ́ yẹn, kí a tó gbé ọparun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, èèwọ̀ la kọ́kọ́ ń bèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, ẹ bèèrè nǹkan tí oníbàárà yín kì í jẹ.

Ó wá ku ohun tí a ó fi pa ìbọn. Epo jẹ́ èèwọ̀, òrí kò sì ṣeé lò. Bí mo ṣe ń ronú ni mo rí kẹ̀kẹ́ Òòṣàdélé tó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fi ń pa ṣéènì kẹ̀kẹ́ yìí?" Ó ní, "Òróró máṣíìnì ni. Ó wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín wàyí. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ọgbẹ́ Òòṣàdélé jinná, ṣùgbọ́n apá yẹn kò lè gbé ohun tó wúwo sókè mọ́. Ìbọn gígùn tí wọ́n fún un láti fi ṣọ́nà, kò lè gbé e. Ìbọn kúkúrú mi nìkan ló lè gbé dé èjìká. Ó sì fi ṣọ́ ọ̀nà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará Ìfọ́n padà wá, wọ́n bẹ ọ̀gá mi, gbogbo àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ìwọ̀n ìdodo làwọn fẹ́. Wọ́n ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún mi, bàbá mi pe àwọn ààfáà, ọ̀gá mi náà gbàdúrà fún mi. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí mi. Ó ní, "Ìlú ló fún ọ ní fìrídọ́ọ̀mù. Èmi kò tíì fún ọ o. N kò tíì gbé ìbọn rẹ kọ́ èjìká." Ẹ wo ọkùnrin yìí! Bí irin bá kan irin, ọ̀kan á tẹ̀ fún ọ̀kan, ṣùgbọ́n òun kò tẹ̀.

Nígbà tó yá, mo bá àwọn ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ń kó ìbọn sí ní Òṣogbo. Sájẹ́ǹtì kan ló rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó ní kí n máa bọ̀. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ tú ìbọn tuntun sílẹ̀ níwájú mi, n kò lè mí! Èéfín tí èmi ń fi irin lé kúrò lójú, àwọn òyìnbó ti fún un níṣẹ́! Bí ìbọn bá ti dún, wọn á bù díẹ̀ nínú èéfín rẹ̀ padà, èéfín náà ni yóò sì ṣí ìdí ìbọn fún ọta mìíràn. Mo ní, "Sájẹ́ǹtì, ta ló ro èyí?" Ó ní, "Pa ẹnu dé, jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Oríṣi méjì ló wà: nínú ọ̀kan, èéfín fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ wọnú ìdí ìbọn, nínú èkejì, èéfín á ti ọ̀pá irin kékeré kan, ọ̀pá náà ni yóò sì ṣiṣẹ́. Sájẹ́ǹtì bi mí pé, "Ràímì, ká ní àwa là ń yàn án, èwo lo máa mú fún àwọn tó ń fi jíìpù ṣọ́nà?" Mo ní èyí tó ní ọ̀pá irin kékeré ni o, nítorí èéfín tó bá ń fẹ́ wọ inú á kó eérú lọ síbẹ̀, eruku ọyẹ́ á sì bá a níbẹ̀. Mo ní ọ̀pá ìbọn rẹ̀ ní láti kúrú kí ènìyàn lè bọ́ sílẹ̀ nínú jíìpù láìkọ́ ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kó má kúrú débi tí èéfín kò ní ráyè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ó ní, "Níbo lo ti kọ́ èyí?" Mo ní, "Lórí kẹ̀kẹ́ ni, sà, àti nínú igbá òrí." Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ọdún 1979 tó parí, ọ̀gá mi ránṣẹ́ pè mí sí Ìlobù. Bí mo ṣe dé, ó ń bọ̀ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Mo dọ̀bálẹ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè, ọkàn mi bàjẹ́. Ó gba ẹnu ọ̀nà náà jáde láìtẹrí ba.

Ìbọn gígùn tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ràímì, ìbọn yìí ti wúwo jù fún mi. Gé e."

"Ọ̀gá, mo tọrọ àforíjì. Ṣé ìbọn kúkúrú kì í ṣe igi ìdáná mọ́ ni?"

"Pa ẹnu rẹ mọ́. Gbé ọparun wá."

Ó bọ́ bàtà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, mo gbé ọparun sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo wọn àgbọ̀n, ó mi orí. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí àyà, ó tún mi orí. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìdodo. Kò mi orí mọ́. Mo bi í pé, "Kí ni èèwọ̀ ilé yín, Bàbá?" Ẹ̀rín pa á, ó fọwọ́ di ògiri mú. Ó ní, "Ràímì tàbí ọmọ Ìmàle, orúkọ yòówù kí wọ́n pè ọ́, orí rẹ kò pé."

Mo gé ìbọn náà, mo ha ẹnu rẹ̀ kó dán, mo fi epo pupa pa á, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó gbé e kọ́ èjìká. Ó rìn dé ìdí igi obì, ó padà. Ó tún rìn lọ, ó tún padà, ìbọn kò bọ́, kò sì wúwo fún un. Ó dúró níwájú mi.

"Ràímì, mo ti fún ọ ní fìrídọ́ọ̀mù rẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi.

"Ó yá, dìde," ni ó wí. "Eérú ti pọ̀ jù nídìí ẹwìrì. Lọ gbá a."

Èmi ọ̀gá, onílé àti ọlọ́mọ, mo mú ìgbálẹ̀, mo lọ gbá a.